Ṣọkọ Keziah àti Ẹni Tí Kò Dáhùn

Ebè ṣọkọ kan ṣoṣo ló kù fún Keziah ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Akébé, ní ìlú Libreville, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹni tó létí pé ohunkóhun tó bá fọwọ́ kàn án, ìbáà ṣe ẹranko, ìbáà ṣe ènìyàn, òun àti olúwarẹ̀ ni.

Ebè náà kò tó nǹkan lójú. Kò gùn ju ibùsùn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí rẹ̀ ni ìyókù irúgbìn tí ìyá Keziah fún un ní èbúté Èkó, lọ́jọ́ tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ wá bá ọkọ rẹ̀ ní Libreville. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbi tí ò ń lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mú èyí dání." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí Keziah fẹ́ràn lára ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tí Gabon gba òmìnira ló dé. Àsíá wà lára gbogbo ògiri, àwọn ènìyàn ń jó ní etí òkun. Julius ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, sọ fún un pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ta àsíá. Keziah ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé.

Kò sí ọjà tí kò wọ̀ ní ìlú náà, kò rí ṣọkọ. Tẹ̀tẹ̀ wà. Ìṣápá wà. Ewé gbágùúdá tí wọ́n ń gún nínú odó wà, ó sì dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Keziah kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lójú Célestine aládùúgbò rẹ̀. Ṣọkọ ni kò sí.

Ó wá gbin tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé ló ṣe ṣe é: ó dúró de òjò. Òjò Libreville kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń dúró de òun. Ó dé bí ìgbà tí ènìyàn bá da omi ọpọ́n nù láti òkè, ó gbá ebè àkọ́kọ́ pẹ̀lú irúgbìn inú rẹ̀, ó kó o gba gọ́tà lọ sínú òkun. Ebè kejì hù ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó ga dé orúnkún, Keziah ti ń fọ ìkòkò sílẹ̀. Ni ọ̀yà bá jáde láti inú irà tó wà lẹ́yìn ilé, ó gé orí gbogbo rẹ̀ dọ́gba bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Keziah kò kọ́kọ́ bínú jù, nítorí ṣọkọ tí wọ́n bá gé lórí nílé, ṣe ló máa ń tún rú. Èyí kò rú. Omi òjò wọ ojú ibi tí eyín ẹranko gé, igi ṣọkọ jẹrà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ń rùn.

Ibẹ̀ ni Keziah ti rí i pé nínú òjò ìlú yìí, ṣọkọ tí a bá gé, ó ti kú nìyẹn.

Nítorí náà, kò ní gé ebè kẹta yìí. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀ títí yóò fi yọ òdòdó, títí irúgbìn rẹ̀ yóò fi gbó. Bó bá gbó, Keziah ti ní ṣọkọ nìyẹn títí tí yóò fi kúrò ní Gabon. Bí kò bá gbó, ó di ìgbà tí ẹnìkan bá tún ń wọ ọkọ̀ bọ̀ láti Èkó, ẹni tó bá sì ń bọ̀ kì í rántí irúgbìn. Aṣọ ni wọ́n máa ń rántí.

Célestine kò gbà pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Obìnrin ẹ̀yà Fang ni, ó sanra, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò tí kò rí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀. Òun àti Keziah kò gbọ́ èdè ara wọn dáadáa. Faransé díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, ọwọ́ àti ojú púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láràárọ̀ láìsinmi.

"Màmá Kẹ́mi," ló wí láti orí ọgbà ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tó rí Keziah pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ àti Olúkẹ́mi ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, "o tún fẹ́ fún òjò lóúnjẹ?"

"Mo fẹ́ gbin nǹkan ni."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni à ń gbin ewébẹ̀ níbí. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ń tutù. Bí òjò bá dé, a máa ń jókòó ni."

"Ta ló ń gbin nǹkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Wèrè?"

"Èmi," ni Célestine wí. "Wèrè tó ń rí ewébẹ̀ jẹ."

Keziah gbin ín síbẹ̀síbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ebè náà. Òjò kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n oòrùn náà kò rí i, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, ìgbín sì sọ abẹ́ imọ̀ di ilé. Keziah ṣa ìgbín, ó sè é. Bó ṣe ń ṣa á ni òmíràn ń dé. Julius jẹ ìgbín títí ó fi béèrè bóyá màlúù ti tán ní ìlú.

Keziah pè é síta. "Ẹ ṣe ilẹ̀kùn fún mi."

"Ilẹ̀kùn ibo?"

"Ilẹ̀kùn ebè. Èyí tí mo lè ṣí bí oòrùn bá yọ, tí mo lè tì bí òjò bá ṣú."

Julius wò ó, ó wo ebè, ó rí i pé ó mọ ohun tó ń sọ. Ó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin pọ̀, ó hun imọ̀ mọ́ ọn, ó fi awọ bàtà àlòkù so ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mọ́ òpó kúkúrú kó lè máa ṣí. Bí wọ́n bá fi igi gbé e dúró, oòrùn á wọlé. Bí wọ́n bá yọ igi náà, á sùn sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́, omi á gba orí rẹ̀ ṣàn sínú kòtò tí Keziah gbẹ́ yí ebè ká. Keziah da eérú sí abẹ́ rẹ̀ níbi tí òjò kò dé, torí pé ìgbín kò fẹ́ kí eérú lẹ̀ mọ́ òun nínú.

Láti ọjọ́ náà ni Keziah kò ti jókòó pẹ́ mọ́. Bí afẹ́fẹ́ tútù bá ti fẹ́ láti ìhà òkun, á dìde, á sáré lọ yọ igi. Ó ti fi Célestine sílẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀. Ó ti fi Olúkẹ́mi sílẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lórí. Ìgbà kan wà tó sáré jáde nínú àdúrà, Julius ṣe àmín fún ẹni méjì.

Ó wá ku ọ̀yà. Ọ̀yà kò bẹ̀rù eérú, kò sì bẹ̀rù ilẹ̀kùn. Òórùn ènìyàn ló ń bẹ̀rù, Keziah sì mọ ibi tí òórùn ènìyàn wà. Ó wà lára kóòtù tí Julius fi ń lagi, èyí tí wọn kò tíì fọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Keziah ri òpó mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ó de igi mìíràn ní ìbú mọ́ ọn bí apá, ó wọ kóòtù sí i, ó da ìkòkò tó ti fọ́ létí dé e lórí, ó sì dé àkẹtẹ̀ Julius lé orí ìkòkò náà. Ó kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni Célestine yóò máa rí, torí Keziah kò fẹ́ kó máa fi ojú ìkòkò náà rẹ́rìn-ín.

Julius wá àkẹtẹ̀ rẹ̀ títí. Nígbà tó rí i, ó dúró, ó ń wo ara rẹ̀.

"Ìyá Kẹ́mi, kí lo fẹ́ kí n wọ̀ lọ síbi iṣẹ́?"

"Ẹ wọ tuntun."

"Tuntun ni mò ń pamọ́ fún Ìkórè."

"Ẹ má pa á mọ́ mọ́."

Célestine ń pe nǹkan náà ní ọkọ Keziah kejì. "Èyí dára," ló wí. "Kì í béèrè oúnjẹ, kì í hanrun."

"Kò sì lè ṣe ilẹ̀kùn fún ebè," ni Keziah dá a lóhùn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀yà kò wá mọ́. Nígbà tí oṣù Kọkànlá yóò fi wọlé, ṣọkọ ti ga, ewé rẹ̀ gbòòrò, ó dúdú mọ́ra, ẹni tó bá ń lọ ní ọ̀nà lè rí i láti orí ọgbà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà gbà wọlé, torí pé Bàbá Adéyanjú ń gba ọ̀nà náà kọjá.

Bàbá Adéyanjú jẹ́ akọ̀wé ní èbúté, òun sì ni olórí ìjọ kékeré tí àwọn Yorùbá ń ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi nínú yàrá kan tí wọ́n háyà. Ènìyàn dáadáa ni. Òun ló lọ pàdé Julius ní èbúté nígbà tí Julius dé pẹ̀lú àpótí kan, òun ló gbà á sílé, òun ló mú un dé ibi iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí Keziah ní sí i ni ẹnu rẹ̀. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á ní ọ̀fun òun ń rántí odò. Bó bá fẹ́ káwọn ènìyàn sún mọ́ra lórí ìjókòó, á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ láàárín ẹyẹlé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá kí wọn, ó sọ ti odò náà fún Keziah, Keziah ní, "Ṣé omi lẹ fẹ́, sà?"

Oṣù Kọkànlá ni ìjọ náà ń ṣe Ìkórè, nítorí pé oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é nílé. Nílé, òjò ti lọ nígbà yẹn, iṣu ti wà nínú àká. Ní Libreville, ìgbà yẹn gan-an ni òjò ń rọ̀ jù, kò sì sí ẹni tó ń kórè nǹkan kan àyàfi ìgbín. Lọ́dún tó kọjá, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí Keziah bá wọn ṣe é, sàdínì alágolo ni àwọn ènìyàn gbé wá, àti wàrà alágolo, àti búrẹ́dì gígùn, àti èso ápù tó bá ọkọ̀ dé láti ilẹ̀ Faransé. Bàbá Adéyanjú gbé agolo sàdínì sókè ní ọwọ́ méjèèjì, ó pè é ní èso tí ilẹ̀ fi dá òógùn wa lọ́lá. Keziah bi Julius léèrè sí etí pé orí ebè wo ni wọ́n ti ń gbin sàdínì.

Ní ọdún yìí, pásítọ̀ ìjọ àwọn Faransé ń bọ̀ wá wò wọ́n. Bàbá Adéyanjú kò fẹ́ kó bá agolo níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà, ó dìde níwájú ìjọ.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "ewé tútù kan wà láàárín wa, ọmọ ilẹ̀ baba wa. Ó sọdá òkun, kò rì. Ó dé ilẹ̀ àjèjì, kò sunkún. Ní ọjọ́ Ìkórè, yóò dìde láti orí ibùsùn rẹ̀, yóò wá wólẹ̀ níwájú pẹpẹ."

Keziah ń ro ó pé ọmọ ta nìyẹn.

"Arákùnrin wa Julius Fọláyan ni mo bá sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀," ni Bàbá Adéyanjú ń bá a lọ. "Mo bá a nínú ọgbà rẹ̀ nínú òjò. Mo ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìkórè. Kò jiyàn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, bí ẹni tó fi gbogbo ohun tó ní tọrẹ."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Keziah yíjú sí Julius. Julius bojú wẹ̀yìn, ó ń wá Julius mìíràn.

Wọ́n rìn nínú ẹrẹ̀ délé.

"Ẹ fi ṣọkọ mi tọrẹ," ni Keziah wí.

"Mi ò fi nǹkan kan tọrẹ."

"Ẹ na ọwọ́ méjèèjì."

"Níbo? Ṣé kì í ṣe ibi iṣẹ́ ni mo wà ní Ọjọ́bọ̀? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo gbé oúnjẹ tó ti tutù fún mi?"

"Bàbá Adéyanjú wá purọ́ nìyẹn?"

Julius fo kòtò omi kan. Kò ṣeé sọ ní títì pé àgbà purọ́.

"Ẹ rí i," ni Keziah wí. Gààrí ló fún un jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí ṣúgà níbẹ̀.

Célestine kò sí nílé láti ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí abúlé lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò tíì sọ ẹrù tó fi dé sórí ọgbà.

"Màmá Kẹ́mi, ta ni mùsié alágboòrùn yẹn?"

"Ọ̀gbẹ́ni wo?"

"Èyí tó wá kí ọkọ rẹ kejì ní Ọjọ́bọ̀, tí o lọ sọ́jà."

Keziah gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Célestine sọ ẹrù rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ lo gbogbo ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni di agboòrùn mú. Ó gbé ikùn síwájú. Ó tẹrí díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan tí kò ní ìtumọ̀ ṣùgbọ́n tó ń lọ sókè sódò gẹ́lẹ́ bí ti Bàbá Adéyanjú, ó sinmi, ó fi etí sílẹ̀. Ó tún sọ òmíràn. Ó tún fi etí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọn orí bí ẹni tí nǹkan bí nínú, ó sì yíjú padà lọ. Gbogbo rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, Célestine ò fo nǹkan kan.

"Mo fẹ́ pè é," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu."

Keziah jókòó sórí ẹrẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí Olúkẹ́mi fi jí lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sunkún. Nígbà tí Julius ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá ẹran lórí oúnjẹ rẹ̀, ó bẹ̀rù, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Keziah sọ fún un. Julius náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà.

"Kò ṣeé sọ," ló wí.

"Kí ni kò ṣeé sọ?"

"Bí a bá sọ ọ́ ní ìjọ, wọn á fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi kú. O mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ ìsìn ọmọdé á máa kí gbogbo igi lójú ọ̀nà bó bá ń bọ̀."

"Kí n kàn kọ̀, kí n má sọ ìdí?"

"Èmi ni yóò di òpùrọ́ nìyẹn. Ó ti ní mo gbà."

"Kí wá ni ṣíṣe?"

Julius wo inú abọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n gé e."

Ó sọ ọ́ ní tààrà, kò fi nǹkan kan ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́, èyí ló sì dun Keziah. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́ ni, ì bá ti mọ bí yóò ṣe bá a jà.

Ó jáde lọ dúró ti ebè. Orí àwọn ṣọkọ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òdòdó ń mú bọ̀. Oṣù méjì péré ló kù kó gbó. Yálà ọkọ rẹ̀ di òpùrọ́, tàbí àgbà di ẹni ẹ̀rín, tàbí ṣọkọ kú. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó wá rí i pé àwọn ń sọ̀rọ̀ Bàbá Adéyanjú bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni. Kò sí ẹni tó ti bi í léèrè èwo ló fẹ́.

Ó ní kí Julius lọ pè é wá jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Bàbá Adéyanjú wá pẹ̀lú agboòrùn rẹ̀. Ó jẹ iyán, ó jẹ ìgbín, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ìgbín náà ṣe fún ahọ́n òun. Ṣùgbọ́n Keziah ṣàkíyèsí pé kò yíjú sí Julius. Bí Julius bá sọ̀rọ̀, ògiri ló ń dá lóhùn.

"Bàbá," ni Keziah wí, "ẹ jẹ́ ká lọ wo ṣọkọ tí ẹ fẹ́ ká gé."

Òjò ń rọ̀ wínníwínní. Keziah ṣáájú, Bàbá Adéyanjú tẹ̀lé e lábẹ́ agboòrùn, Julius wà lẹ́yìn. Wọ́n gba ojú ọ̀nà yí ilé po, wọ́n sì dé ibi tí ènìyàn ti ń rí kóòtù àti àkẹtẹ̀ àti ọwọ́ méjèèjì tó nà.

Bàbá Adéyanjú dúró. "Julius ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa?"

"Sà?" ni Julius dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Òjò ń kán lórí agboòrùn. Bàbá Adéyanjú wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó rìn sún mọ́ ọgbà, ó na ọrùn, ó wo abẹ́ àkẹtẹ̀ náà dáadáa.

"Ìkòkò ni," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Keziah wí. "Torí ọ̀yà ni."

"Kóòtù rẹ nìyí, Julius."

"Òun ni, sà."

"Mo bínú sí ọ láti ọjọ́ yẹn." Ohùn Bàbá Adéyanjú lọ sílẹ̀. "Mo ní, o kú ọ̀gìnnìtìn, o ò dáhùn. Mo béèrè ìyàwó rẹ, o ò dáhùn. O ò tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Mo ní, ọmọ tí mo pàdé ní èbúté ti di òyìnbó mọ́ mi lọ́wọ́."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà," ni Julius wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú kóòtù tuntun rẹ̀. Keziah wo kóòtù náà, ó wo ọ̀run.

"Dìde," ni Bàbá Adéyanjú wí. "Ta ló mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta," ni Keziah wí. "Àti Célestine."

Orí Célestine yọ lókè ọgbà kejì, bí ẹni pé wọ́n pè é. "Bọ̀ǹsuá, mùsié," ló fi Faransé kí i, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

"Ṣé ó gbọ́ Yorùbá?"

"Kò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, sà."

Bàbá Adéyanjú mí kanlẹ̀. Nǹkan kan wá ń mì lábẹ́ agboòrùn, Keziah sì rò pé ẹkún ni, ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rín ni. Bàbá náà rẹ́rìn-ín láìpariwo, títí ó fi di òpó ọgbà mú.

"Mo tiẹ̀ gbàdúrà fún un kí n tó lọ," ló wí.

Nígbà tó sinmi, Keziah gbé ilẹ̀kùn ebè sókè fún un. Ó sọ ọ́ fún un bó ṣe rí: pé ìyókù irúgbìn ìyá òun nìyí, pé bí wọ́n bá gé e nínú òjò yìí yóò jẹrà, pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ yóò so. Bàbá Adéyanjú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò tíì rí ṣọkọ láti ìgbà tó ti kúrò ní Abẹ́òkúta, ogun Hitler kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀nà ló ti ń wò ó, kò tíì sún mọ́ ọn rí.

"Ṣé mo lè já ewé kan?"

Keziah wo ìka rẹ̀. "Ọ̀kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ti fẹ́ pọ́n."

Ó já a, ó rún un, ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà ó dìde.

"Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ," ló wí. "Kí ni n ó wá sọ ní ọjọ́ Ìsinmi?"

"Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, sà," ni Keziah wí.

Bàbá Adéyanjú wò ó, ó ń wò ó bóyá èébú ni. Julius ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́," ni Bàbá Adéyanjú tún wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìkórè, ó dìde nínú agbádá funfun. Pásítọ̀ Faransé jókòó níwájú, ọmọ ìjọ kan sì ń túmọ̀ fún un. Bàbá Adéyanjú sọ pé ewé kan wà tó jẹ́ pé gígé rẹ̀ ni àìgé rẹ̀. Ó sọ pé ìrúbọ tí ojú kò rí ló ń wúwo jù lórí òṣùwọ̀n. Ó sọ ti ìyàwó tí kò tíì dé ṣùgbọ́n tí òórùn ìpara rẹ̀ ti gba ilé. Ẹni tó ń túmọ̀ bá a dé ibi ìyàwó náà, ó dákẹ́. Pásítọ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí.

Nígbà tó jókòó, ìjọ ṣe àmín tó lágbára, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó mọ̀ bóyá ṣọkọ ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Obìnrin kan di ọwọ́ Keziah mú, ó ní kó pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Òmíràn ní ó ti rí i lórí tábìlì, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Agbọ̀n ìgbín ni Keziah gbé wá. Pásítọ̀ sì fi méjì jẹ ju ti gbogbo ènìyàn lọ, ó ní ní ìlú tí wọ́n bí òun sí, bọ́tà ni wọ́n fi ń sè é. Keziah rò pé irọ́ ló ń pa.

Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Keziah rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá wúlò fún nǹkan. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, ṣọkọ sì gbó. Orí rẹ̀ gbẹ, ó pọ́n bí àlùbọ́sà. Keziah gé e ní ọ̀sán tí oòrùn mú, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Irúgbìn dúdú tó ń dán kún abọ́ kékeré. Ó fún Bàbá Adéyanjú lára rẹ̀, ó fún àwọn obìnrin ìjọ, ó dá púpọ̀ sí, ó sì so ó mọ́ òkè àjà ilé ìdáná níbi tí èéfín á ti máa kàn án. Ó sọ fún Julius pé òun kò ní gbin ín nínú òjò mọ́. Òun yóò dúró de ẹ̀ẹ̀rùn, òun yóò gbin ín nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí wèrè.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta, tí òjò ti padà, Célestine pè é láti orí ọgbà. Inú ń bí i.

"Màmá Kẹ́mi, kí ni o dà sí ilé mi?"

"Mi ò da nǹkan kan."

"Wá wò ó."

Keziah lọ. Ṣọkọ wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná Célestine. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìwẹ̀. Ó wà nínú gọ́tà níta, ó hù láàárín òkúta ojú ọ̀nà, ó hù sórí ààtàn, níbi tí atẹ́gùn àti òjò gbé irúgbìn dé, kò sí ilẹ̀kùn lórí rẹ̀, kò sí eérú, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó ga dé orúnkún. Ọ̀yà ti jẹ nínú rẹ̀, ìgbín ti jẹ nínú rẹ̀, ó ṣì kù rẹpẹtẹ.

"Àná ni mo fa apẹ̀rẹ̀ kan tu," ni Célestine wí. "Ewúrẹ́ ni mo kó o fún. Koríko burúkú wo nìyí?"

Keziah wo gbogbo rẹ̀ yí ká. Ó rántí gbogbo eré tó ti sá.

"Má fún ewúrẹ́ mọ́," ló wí. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e fún Célestine, ó sì ká aṣọ rẹ̀ sókè. "Bá mi mú ọ̀bẹ wá. Mú ìkòkò ńlá yẹn náà."